Ọjọ́ Tí Epo Mọ́tò Wa Ń Pọ̀ Sí I Lójú Ọ̀nà

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi àti ọkọ mi lójú ọ̀nà Datcha, kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́ tán. Ní Atakpamé wa yìí, bí o bá kọsẹ̀ lókè, wọ́n á ti máa kí ọ kú ewu nísàlẹ̀ kí o tó dìde!

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ lójú ewé yìí mọ̀ mí. Èmi ni mo ń ta òwú, bọ́tìnnì, síìpù àti gbogbo nǹkan wẹ́wẹ́ tí àwọn télọ̀ ń lò. Atakpamé ni wọ́n bí mi sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá. Ọkọ mi jẹ́ ọmọ Ifẹ̀, àwọn Ifẹ̀ ti Tógò níbí, iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe. Bàbá Felí ni mo máa ń pè é, nítorí Felí ni àkọ́bí wa. Bí ọjà Elavagnon tàbí ti Moretan bá ku ọ̀la, a máa ń kó ẹrù sínú mọ́tò wa, a ó sùn sínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, kí àwọn yòókù tó dé la ti pàtẹ.

Mọ́tò wo? Ẹ̀yin náà ẹ ń béèrè! Mọ́tò àtijọ́ kan ni, tí tọkọtaya òyìnbó kan wà wá láti ìlú wọn. Nígbà tí ìrìn àjò sú wọn, wọ́n tà á fún wa. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, sítóòfù kékeré wà nínú rẹ̀, tábìlì tó ṣeé ká wà níbẹ̀, kọ́tìnì olódòdó náà wà. Ilé-ń-rìn ni àwọn ará àdúgbò ń pè é. Ìṣòro kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé ilé náà kì í fẹ́ rìn!

Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti gbó. Èsáǹsì ló ń mu, ìyẹn epo tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní pẹtiróòlù, ó sì ń mu ún bí ẹni tó ń jẹ sàárì. Tó bá di ọ̀ràn òkè Atakpamé, èmi á bọ́ sílẹ̀, màá máa fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà míì, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ dé òkè.

Mo ti gba kámú. Àmọ́ ọ̀rọ̀ Ìyá dé.

Ìyá ni ìyá ọkọ mi, Elavagnon ló ń gbé. Ẹ̀yìn ń dùn ún débi pé kò lè jókòó sínú táksì, àfi kó dùbúlẹ̀. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù láyé, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Kékeré, ń gbé ní Datcha. Àìsàn ọkàn ń ṣe òun náà, dókítà sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má gba ọ̀nà eléruku tó rí gbágungbàgun mọ́. Bí àwọn méjèèjì ṣe wà nìyẹn fún ọdún mélòó kan, orí fóònù ni wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, orí fóònù ni wọ́n ti ń sunkún. Ni ọmọ Ìyá Kékeré tó wà ní Cotonou bá ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, pé òun máa mú ìyá òun lọ sọ́dọ̀ òun pátápátá fún ìtọ́jú.

Ìyá pè wá. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, "Ẹ má jẹ́ kó lọ láìfojú kàn mí. Èmi àti rẹ̀, ta ló mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ lọ?"

Ta ló máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn tí oúnjẹ á ṣì dùn lẹ́nu rẹ̀? Bẹ́ẹ̀dì wà nínú mọ́tò wa, Ìyá lè dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀ dé Datcha. Àmọ́ ọkọ mi fárí gá. Ó ní òun kò lè gbé ìyá òun sínú mọ́tò tó máa dá àwọn dúró sójú ọ̀nà nínú oòrùn. Ó ní àfi kí òun pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ yẹn.

Ó tọ Fo Kofi lọ. Fo ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ní èdè Ewé. Mẹkáníìkì ni Fo Kofi, èèyàn jẹ́jẹ́, tó máa ń bá ẹ́ńjìnnì sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Àwọn méjèèjì lọ sí Lomé, wọ́n ra ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ìgbàlódé kan tí wọ́n yọ lára mọ́tò tó ti ní ìjàǹbá lókè òkun. Gasuwáàlì, ìyẹn epo dísẹ́ẹ̀lì, ló ń mu ní tiẹ̀. Ó lágbára, kì í jẹun púpọ̀, ó sì ní kọ̀ǹpútà tó ń ronú fún un. Mo ní, ó dára, ẹnì kan á wá máa ronú nínú mọ́tò náà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má wulẹ̀ dán an wò! Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn ni ẹ́ńjìnnì mọ́tò yìí máa ń wà. Tuntun náà ga ju ti àtijọ́ lọ, kò wọlé. Bàbá Felí fọwọ́ ara rẹ̀ tú bẹ́ẹ̀dì tó ti fi ìfẹ́ kàn, ó gbé e sókè, ó wá ga débi pé àpótí ìtìsẹ̀ lèèyàn máa gùn kó tó sùn. Ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì kò bá ara wọn mu, àfi ìgbà tí wọ́n gbẹ́ irin pẹlẹbẹ kan sáàárín wọn bí alárinà. Rèdíétọ̀ ń bẹ níwájú, ẹ́ńjìnnì ń bẹ lẹ́yìn, wọ́n wá na rọ́bà gígùn gba abẹ́ mọ́tò lọ. Wáyà ni kí n sọ ni? Nígbà tí mo rí wáyà tó wà nílẹ̀, mo bi Fo Kofi bóyá mọ́tò ló ń ṣe àbí ilé iṣẹ́ rédíò. Ó ní kí n lọ ta bọ́tìnnì mi.

Ó yá, mo lọ ta bọ́tìnnì mi.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni àṣírí. Bàbá Felí ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbọ́ pé a ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, títí mọ́tò á fi gbé Ìyá lọ tí á sì gbé e bọ̀. Ó ní ẹnu ayé kò dára, ohun tí kò tíì dé ọwọ́ èèyàn, èèyàn kì í pariwo rẹ̀. Mo bi í pé ṣé àwọn tó ń bá a ti mọ́tò láti ọjọ́ yìí ni ayé tó ń bẹ̀rù. Ó ní kí n má bá òun fa ọ̀rọ̀.

Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì sì rèé, ṣé ó ṣeé bò mọ́lẹ̀? Tó bá ti tan án láàárọ̀, gbàgà-gbàgà-gbàgà, adìyẹ àdúgbò á fọ́nká! Aládùúgbò wa béèrè ohun tó ń ró bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi ní páìpù èéfín ló lu. Ọkùnrin tí kì í pa Máàsì jẹ! Kódà, Fo Kofi fẹ́ fi ọ̀dà pupa kọ GASOIL sẹ́nu táǹkì, nítorí ó ní ẹ́ńjìnnì yìí kò mọ eré, epo mìíràn kò gbọdọ̀ kàn án. Bàbá Felí kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ìyẹn ni pé kí òun gbé pátákó ìkéde sára mọ́tò. Ó ní ṣebí òun ni òun ń ra epo, òun kò sì ní gbàgbé.

Òótọ́ ni o. Kò gbàgbé.

Ọjọ́ Sọ́ńdè pé. Ní Mọ́ńdè ni wọ́n máa mú Ìyá Kékeré lọ sí Cotonou. A ra gasuwáàlì ní ilé epo ní Atakpamé láàárọ̀, ó ju ààbọ̀ táǹkì lọ, a mórí lé Elavagnon. Mọ́tò yìí sáré! Òkè tí mo máa ń fẹsẹ̀ gùn, mo jókòó sínú rẹ̀ bí ìyàwó mínísítà. Bàbá Felí ń fi ìka lu sítẹ́rìnnì, ó ń kọrin lábẹ́nú. Inú mi dùn sí i, kí n má parọ́.

A bá Ìyá tó ti múra láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Ó wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ ní ọjọ́ Àjíǹde, ó so gààrí àti ẹ̀pà mọ́ igbá fún àbúrò rẹ̀. A gbé e gun àpótí, a tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná lábẹ́ rẹ̀, Ìyá bú sẹ́rìn-ín, ó ní ta ló dáná sábẹ́ òun, pé ooru yìí dára fún ẹ̀yìn òun ju oògùn dókítà lọ. Ó ní bí Datcha bá tètè dé, kí a ṣì máa lọ díẹ̀ sí i.

A dé oríta tí ọ̀nà Elavagnon ti bọ́ sójú títì ńlá. Dá Afí wà níbẹ̀; Dá tàbí Dada ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin ní èdè Ewé. Epo inú ìgò ló ń tà lórí tábìlì, ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣà wa pẹ̀lú rẹ̀ ni pé a kì í sọ nǹkan kan. Tó bá ti rí Ilé-ń-rìn, á gbé àrọ rẹ̀, á máa rọ epo, àwa á máa kí ara wa.

Lọ́jọ́ náà a kò fẹ́ ra epo. Ṣùgbọ́n ṣé èèyàn lè kọjá níwájú Dá Afí láìkí i? Pàápàá tí Ìyá wà nínú mọ́tò! Ìyá ló gbẹ̀bí àkọ́bí rẹ̀ nígbà tó ń gbé ní Elavagnon. Nígbà tó yọjú wo inú mọ́tò tó rí i, ó kúnlẹ̀ sínú eruku, ó ń pariwo, ó ń dúpẹ́ ní èdè Ewé pé, "Mama! Mama! Akpé o! Ṣé ẹ̀yin rèé?" Àwọn méjèèjì di ọwọ́ ara wọn mú lójú fèrèsé, wọn kò fẹ́ jọ̀wọ́ ara wọn.

Lẹ́yìn náà ó sọ fún wa pé bàbá òun, tó wà ní ilé ẹ̀yìn, ti pàdánù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Họ́wù, a lè gbọ́ ìyẹn kí a máa lọ? A sọ fún Ìyá pé à ń bọ̀, a wọlé lọ kí bàbá kú ọ̀fọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í kí èèyàn kú ọ̀fọ̀ lórí ìdúró. Wọ́n gbé àga, a jókòó. Wọ́n gbé omi, a mu. Wọ́n ròyìn bí àìsàn ṣe bẹ̀rẹ̀, a mirí. Ìgbà tí a jáde, Dá Afí ti kó ọsàn lé Ìyá lọ́wọ́, ó ń juwọ́ sí wa, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. A dúpẹ́ ọsàn, a lọ.

A kò tíì rìn jìnnà tí Bàbá Felí fi lanu. Ó ní, "Ìyá Felí, wo abẹ́rẹ́ epo yẹn."

Mo wò ó. Abẹ́rẹ́ tó wà ní ààbọ̀ nígbà tí a dé oríta ti lọ sókè téńté.

Ó ní, "Ṣé o rí ẹ́ńjìnnì ìgbàlódé? Kò mu epo rárá!"

Mo ní, "Bàbá Felí, kì í ṣe pé kò mu ún nìkan. Ó ń bí epo."

Ó ní kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é, pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé tẹ́lẹ̀ kò tíì kà á dáadáa. Ẹ gbọ́ mi, ọkùnrin yìí ń sọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú! Mo fẹ́ bi í pé mọ́tò wo ló ń rìn tí epo rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ni ẹ́ńjìnnì bá wúkọ́. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Iná pupa tàn níwájú wa. Èéfín rú, mọ́tò gbọ̀n jìgìjìgì, ó sì kú fin-ín-fin-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, lábẹ́ àwọn igi tíìkì kan.

Ìyá ké láti orí bẹ́ẹ̀dì pé, "Ṣé a ti dé?"



Ọkọ mi pe Fo Kofi. Ìyẹn wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí olè. Ó béèrè irú epo tó wà nínú rẹ̀. Bàbá Felí búra pé gasuwáàlì ni, ilé epo ló ti rà á, ojú òun ni wọ́n ṣe rọ ọ́. Fo Kofi ní kó má tan án mọ́, kó ṣí ẹnu táǹkì kó gbóòórùn rẹ̀. Èmi ni mo gbóòórùn rẹ̀. Mo gbé ojú sókè, mo wo ọkọ mi. Ilé-ń-rìn ti ń rùn bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti rà á, ṣé mi ò ní mọ òórùn èsáǹsì ni?

Mo pe Dá Afí. Ó kọ́kọ́ ń tijú, nítorí kò fẹ́ kí a mọ̀. Ó ní òun rí Ìyá lẹ́yìn ọjọ́ pípẹ́, òun kò ní nǹkan ńlá láti fún un, ni òun bá rọ táǹkì kún nígbà tí a wà lọ́dọ̀ bàbá òun, kí Ìyá lè lọ kó bọ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Ẹni tó bá da omi síwájú, ilẹ̀ tútù ni yóò tẹ̀. Mo bi í pé epo wo ló rọ. Ó ní, "Dada, èsáǹsì ni kẹ̀! Kí ni Ilé-ń-rìn ń mu tẹ́lẹ̀?"

Ta ni ẹ máa dá lẹ́bi? Ẹ sọ fún mi! Obìnrin yìí mọ mọ́tò wa ju bí a ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé inú mọ́tò ti yí padà. Ìyá pàápàá ní òun gbọ́ tí nǹkan ń ṣàn gbọ̀lọ̀gbọ̀lọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí òun, òun rò pé wọ́n ń fọ mọ́tò fún wa ni.

Fo Kofi ní ìgbà tí ìsìn bá parí ni òun máa tó lè wá. Oòrùn ti ń mú. Táksì kò ṣeé wọ̀ fún Ìyá, alùpùpù ni kí n má tiẹ̀ dárúkọ. Lórí bẹ́ẹ̀dì, Ìyá gbé igbá ẹ̀pà sí àyà. Ó rọra bi mí bóyá ọ̀la ni àbúrò òun ń lọ lóòótọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Ó ní, "Yoo," ìyẹn ni pé ó ti gbọ́. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, "yoo" yẹn dùn mí wọ egungun. Gbogbo àwàdà tí mo ń ṣe láti àárọ̀ gbẹ mọ́ mi lẹ́nu.

Bàbá Felí mú fóònù láti pe Datcha. Mo gbọ́ tó ń sọ fún ọmọ Ìyá Kékeré pé a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, pé nǹkan kékeré kan ló dá wa dúró. Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní ó ti tó. Mo sọ gbogbo rẹ̀, ẹ́ńjìnnì tuntun, àṣírí, èsáǹsì Dá Afí, ibi tí a wà gan-an. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Tàǹtí, ìyẹn mà wà nítòsí! Ojú títì ni. Mo lè gbé Mama wá bá yín nísinsìnyí."

Kò pẹ́, ọkọ̀ kékeré kan dúró lẹ́yìn wa. Ìyá Kékeré sọ̀ kalẹ̀. Ó ti rù. Ó di apá ọmọ rẹ̀ mú, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń wo mọ́tò wa bí ẹni tó ń wá ojúlé tí kò dé rí. Nígbà tí Ìyá gbọ́ ohùn rẹ̀, ó gbìyànjú láti dìde, kò lè dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì. A gbé Ìyá Kékeré gun àpótí, ó dùbúlẹ̀ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì náà, ó fi orí lé e léjìká. 

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ńkọ́? Ìjà ni! Ìyá ní Ìyá Kékeré ló fọ́ ìkòkò omi ìyá àwọn nígbà èwe, tí òun jẹgba rẹ̀. Ìyá Kékeré ní irọ́ ni, ewúrẹ́ ló fọ́ ọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé mo bẹ̀rù fún ọkàn ọ̀kan àti ẹ̀yìn èkejì. Mo ń sunkún lójú ilẹ̀kùn. Àmọ́ bí a bá ń sunkún, à á máa ríran: mo rí Bàbá Felí tó ki orí sábẹ́ mọ́tò, tó ń nu nǹkan tí kò dọ̀tí, tó sì ń fi apá aṣọ nu ojú.

Mo tan sítóòfù, mo se tíì. A fa kọ́tìnì sí ìhà oòrùn. Àwọn tó ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì ń dúró kí wa. Dá Afí náà dé lórí alùpùpù pẹ̀lú omijé àti àkàṣù búrẹ́dì, Ìyá ní kó má sunkún, pé òun ló bá àwọn yan ibi tí àwọn máa pàdé.

Fo Kofi dé lẹ́yìn ìsìn tòun ti aṣọ funfun. Ó fa gbogbo epo táǹkì jáde, ó tú fítà tó ń sẹ́ epo fọ̀, ó rọ gasuwáàlì tó mọ́ sí i. Ó ní Ọlọ́run ló yọ wá pé mọ́tò tètè kú. Ó tan án. Gbàgà-gbàgà-gbàgà! Bàbá Felí fò sókè, ó pàtẹ́wọ́, ó ní ó yá, ẹ jẹ́ ká máa lọ sí Datcha!

Ìyá yọ orí láti inú kọ́tìnì. Ó ní, "Ta ló ní kí ẹ tan án? Ẹ pa á! A kò gbọ́ ohùn ara wa."

A pa á. A jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi rọ̀.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n pínyà, Ìyá Kékeré ṣí ojú wo títì láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ibí yìí kò mà jìnnà sí mi. Kò jìnnà sí yín náà. Kí ló dé tí a kò ti ń pàdé níbí láti ọjọ́ yìí?"

 Ojú ọ̀nà tó wà láàárín Elavagnon àti ibẹ̀ tẹ́jú, kò ní òkè kankan. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ì bá gbé Ìyá débẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé á dúró sinmi lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀dì wà, títì wà, fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo wa. Gbogbo wa ló gbọ́n, àmọ́ kò sí ẹni tó rò ó. Ìyá tú gèlè orí rẹ̀, ó wé e fún àbúrò rẹ̀, ó tún un wé dáadáa bí ẹni ń múra ọmọ fún ilé ìwé. Ó ní kó máa jẹun ní Cotonou, kó má sì ṣe agídí sí dókítà. Wọ́n gbé Ìyá Kékeré sọ̀ kalẹ̀. Ìyá ń wo ọkọ̀ náà títí kò fi rí i mọ́.

A dá a padà sí Elavagnon. Ìgbà tí a dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ló di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. Ó ní, "Mo ti rí i. O ṣeun."

Ẹ̀kọ́ wo ni mo kọ́? Mo ti ń fi ọkọ mi ṣe yẹ̀yẹ́ láti òkè wá, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ayé tó ń sá fún yẹn, ọwọ́ ayé kan náà ló ń rọ epo fún wa láìgba kọ́bọ̀. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ kò lè ràn ọ́ lọ́wọ́ dáadáa tí kò bá mọ ohun tó wà nínú mọ́tò rẹ. Ẹ máa sọ fún àwọn èèyàn yín!

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹnì kan ti ṣe yín lóore rí tí oore náà dá yín dúró sójú ọ̀nà? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, gbogbo rẹ̀ ni màá kà. Àmọ́ kí ẹ tó kọ ọ́, bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí ẹ kò tíì rí láti ọjọ́ pípẹ́, tí ẹ ń dúró de owó, de mọ́tò, de ara líle, ẹ kọ́kọ́ pè é. Ẹ bi í ibi tó lè rìn dé. Ẹ̀yin náà, ẹ rìn dé ibẹ̀.